Kí Wọ́n Má Tíì Gbé E

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kejì, 2025

Wọ́n gbé e fún wọn.

Adájọ́ ka ìwé rẹ̀ títí, kò gbójú sókè. Ó ní òkú Jóṣúà Ògúntádé, ti ẹbí rẹ̀ ní Òkè-Ìlá ni. Kí wọ́n lọ gbà á ní mọ́ṣúárì, kí wọ́n lọ sin ín sí agbo ilé bàbá rẹ̀. Ó dárúkọ "opó olóògbé" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi nìyẹn, tí mo bá a gbé láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì kún.

Láti oṣù Kọkànlá tó ti kú la ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ ò pọ̀. Kí wọ́n sin ọkọ mi sí ẹ̀yìn ilé wa ní Ìlá níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Elijah, ọmọ wa ọkùnrin tó ṣaájú wa lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ń ro koríko lójú oórì ọmọ yẹn, á nà ró, á ní, "Ìyá Elijah, ibí ni kí wọ́n tẹ́ mi sí o." Adájọ́ ní kò sẹ́lòmíì tó gbọ́ ọ. Òótọ́ ni. Ta ní í pe ẹlẹ́rìí kó tó bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé?

Dàda ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pè mí lẹ́jọ́. Irin ni mo ń pè é nínú ọkàn mi. Ilé Ògún ni ilé wọn, òun náà ò sì tẹ̀ rí. Ó wí níwájú kóòtù pé ọmọ ní í lọ bá bàbá lábẹ́ ilẹ̀, a kì í gbé bàbá lọ bá ọmọ. Ó tún ní a kì í sin ọkùnrin sórí ilẹ̀ àna rẹ̀ bí ẹni tí kò nílé. Ilẹ̀ bàbá mi la kọ́lé sí lóòótọ́. Awọnlẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. (Awọnlẹ̀, bí mo ṣe máa ń pe ọkọ mi nìyẹn, torí iṣẹ́ rẹ̀. Ó wọnlẹ̀ fún ará Ìlá títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi.)

Fọlákẹ́mi, ọmọ wa obìnrin, pè láti Ìlọrin. Ó sunkún lórí fóònù. Èmi ò rí ẹkún sun.

Ẹtì, 7 oṣù Kejì

Wíìgì wá sílé. Ọlámipọ̀sí lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, lọ́yà mi ni. Mo kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kò tíì mọ̀ pé òun máa fi irun ẹṣin sórí rojọ́. Ó ṣì ń họ ìdí bírò jẹ bí ìgbà yẹn.

Ó ní a máa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sí Àkúrẹ́. Mo ní, ṣé wọn ò wá lè gbé e mọ́ nìyẹn? Ó ní rárá, mà. Pípe ẹjọ́ lọ sókè ò so ọwọ́ ìdájọ́ ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè gbé e lọ́la, kí wọ́n sin ín, kí àwa wà ní Àkúrẹ́ ká máa rojọ́ lọ. Ẹ̀bẹ̀ mìíràn wà tí a gbọ́dọ̀ bẹ̀ lọ́tọ̀: kí kóòtù dá ìdájọ́ náà dúró ná, títí wọ́n á fi gbọ́ ẹjọ́ tuntun parí. Mo ní kí lo máa sọ fún wọn. Ó ní, "Màá bi wọ́n pé bí wọ́n bá ti sin ín tán, kí la tún ń jà lé lórí? Ta ló máa hú òkú?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Àfi ibi tó parí sí: ọ̀dọ̀ adájọ́ kan náà la ti máa kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Bó bá kọ̀ ni a tó lè gba ọ̀nà Àkúrẹ́. Ẹni tó nà mí náà ni kí n lọ bẹ̀ pé kó bá mi di ọwọ́ ara rẹ̀ mú.

Àìkú, 9 oṣù Kejì

Ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò gbọ́ ohun kan nínú ìwàásù. Wọ́n ń dì mọ́ mi. Mo fẹ́ lọ sílé.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kejì

Mo búra níwájú akọ̀wé kóòtù. "Èmi, Moríyọ̀ Ògúntádé, obìnrin, onígbàgbọ́, ọmọ Nàìjíríà." Bí ẹni tó ń wáṣẹ́. Wíìgì ti fi ẹ̀bẹ̀ náà sílẹ̀.

Mo gba ọjà kọjá. Mo ń wo ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nígbà tí ọlọ́kadà kan, ọmọ Òkè-Ìlá, kí mi. Ó ní, "Mà, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa o." Kò sọ ọ́ fún ibi. Ó rò pé mo ti mọ̀ ni.

Mo fi ẹ̀gúsí sílẹ̀ níbẹ̀. Mo délé, mo gbálẹ̀. Mo tún un gbá.

Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kejì

Kò sí nǹkan kan. Ọyẹ́ kọ̀, kò lọ. Ètè mi là.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kejì

Adájọ́ kọ̀.

Ó ní òkú kì í ṣe ẹrù tí a ń kó pamọ́ de ọjọ́ ọjà. Ó ní mi ò fi ìdí pàtàkì kankan hàn án. Irin jókòó sí apá kejì pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló bí mi nínú jù, ì bá ti rẹ́rìn-ín.

Wíìgì fà mí lọ́wọ́ jáde. Ó ní, "Mà, àárọ̀ ọ̀la ni mò ń lọ Àkúrẹ́."

Ẹtì, 21 oṣù Kejì

Wíìgì ti fi ẹ̀bẹ̀ wa sílẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ó pè mí lọ́sàn-án láti iwájú kóòtù, mo ń gbọ́ ìró mọ́tò. Ó ti kọ̀wé sí mọ́ṣúárì àti sí lọ́yà wọn pé ọ̀rọ̀ ti wà níwájú ilé ẹjọ́ tó ga ju ti ìṣáájú lọ, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òkú.

Mo ní, ṣé wọ́n máa gbọ́?

Ó ní, "Ó yẹ kí wọ́n gbọ́, mà."

Ó yẹ. Mi ò fẹ́ràn "ó yẹ".

Ajé, 24 oṣù Kejì

Mi ò lè jókòó sílé. Mo gbé àga kékeré, mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣúárì. Fálọ́pẹ́ tó ń bójú tó ibẹ̀ wò mí, kò sọ pé kí n dìde. Ó gbé àga náà sábẹ́ igi fún mi.

Oòrùn ti mú nígbà tí wọ́n dé. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé òkú, ọkọ̀ mìíràn tẹ̀lé e, akódà kóòtù mú ìwé dání. Àwọn ọmọ Irin sọ̀kalẹ̀. Mo dìde, mo lọ dúró ní àárín ẹnu ọ̀nà. Obìnrin arúgbó bíi tèmi. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, mo fi ìró bò ó.

Akódà ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ wa." Mo ní kó ṣiṣẹ́ rẹ̀ lórí mi. Fálọ́pẹ́ mú ìwé Wíìgì wá. Akódà kà á. Ó tún un kà. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tẹ fóònù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Irin ń pariwo pé ìwé lọ́yà kì í ṣe àṣẹ kóòtù, adájọ́ ti dá a, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn ni Irin sọ̀kalẹ̀. Ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rù ju bó ṣe rí ní kóòtù lọ. Wọ́n yà fún un lọ́nà. Ó wá dúró níwájú mi.

"Ìyàwó, ta lò ń ṣọ́ lójú oòrùn yìí?"

"Ọkọ mi ni, Bàbá."

"Àbúrò tèmi ńkọ́? Ta ní ń ṣọ́ ọ?"

Ó wo ilẹ̀kùn irin ẹ̀yìn mi pẹ́. Akódà padà wá, ó ní ọ̀gá òun ní kí wọ́n ṣe sùúrù ná, kí Àkúrẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ Irin gbá táyà nípàá. Irin yí padà, ó wọ ọkọ̀.

Wọ́n lọ. Mo jókòó padà. Fálọ́pẹ́ bu omi fún mi.

Ìṣẹ́gun, 25 oṣù Kejì

Gbogbo ara ló ń ro mí. Ìbéèrè rẹ̀ ò kúrò létí mi.

Ajé, 3 oṣù Kẹta

Wíìgì ò gbé fóònù. Mo pè é títí. Nígbà tó gbé e, ó ní, "Mà, wọn ò tíì dá ọjọ́." Mo ní ó dáa. Kò dáa.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹta

Wọ́n dá ọjọ́. Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Mo lọ aṣọ funfun mi, mo tún un lọ̀.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹta

Àkúrẹ́. A gba Iléṣà lọ, Wíìgì ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Adájọ́ mẹ́ta, obìnrin kan láàárín. Yàrá kún. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lẹ́yìn, èmi àti Irin la wá jọ jókòó sí i. Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò yàn án. Ó ń húkọ́. Ikọ́ yẹn ò tán. Mo fún un ní omi inú báàgì mi. Ó wo omi, ó wò mí, ó gbà á, ó mu ún.

Wíìgì ló kọ́kọ́ dìde. Ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ nílé mi: bí wọ́n bá sin ín tán, ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yìí di igbá òfìfo. Kí wọ́n dá ìdájọ́ dúró kí ohun tí à ń jà lé lórí lè wà. "Ohun." Mo gbọ́ ọ. Awọnlẹ̀ ti di ohun.

Lọ́yà wọn dìde. Ó ní obìnrin yìí fẹ́ kí olóògbé wà nínú òtútù títí láé nítorí agídí. Adájọ́ obìnrin yẹn bi í pé, "Ibo ni olóògbé wà báyìí?" Ó sọ ibẹ̀. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ká padà wá gbọ́ ìpinnu wọn ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n.

Nígbà tí a ń jáde, Irin ní, "O ṣé fún omi."

Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kẹta

Òjò àkọ́kọ́. Koríko ti ń hù lórí Elijah. Mo ro ó fúnra mi, ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Kẹta

Wọ́n gbà.

Wọ́n dá ìdájọ́ náà dúró. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé òkú Jóṣúà Ògúntádé kúrò níbi tó wà, ìbáà ṣe ẹbí, ìbáà ṣe opó, títí wọn ó fi gbọ́ ẹjọ́ náà parí. Wíìgì dì mọ́ mi níta, ó gbàgbé pé òun wọ aṣọ iṣẹ́. Fọlákẹ́mi ń pariwo "Mọ́mì, a borí" nínú fóònù. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ti dé ilé kí n tó dé. Mo jẹun dáadáa. Mo kọrin bá wọn.

Àbámẹ́ta, 29 oṣù Kẹta

Mo bi Wíìgì léèrè ohun tó yẹ kí n ti bi í tẹ́lẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n máa wá gbọ́ ẹjọ́ náà gan-an?

Ó họ bírò jẹ. Ó ní wọ́n máa kọ́kọ́ kó gbogbo ìwé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ jọ. Lẹ́yìn náà àwa á kọ tiwa, wọ́n á kọ tiwọn. "Bí Ọlọ́run bá ṣe é, mà, ọdún tó ń bọ̀."

Bí a bá wá borí ńkọ́?

"Wọ́n ṣì lè gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù tó ga jù ní Àbújá, mà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sìn ín dé ọkọ̀. Ọdún tó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 2 oṣù Kẹrin

Mo ní kí Fálọ́pẹ́ jẹ́ kí n rí i. Láti ọdún tó kọjá mi ò tíì wò ó. Ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀." Mo ní rárá. Ó ní kí n má wò ó pẹ́ nígbà náà.

Mi ò wò ó pẹ́.

Kí n kọ ọ́ bí? Ó ti dúdú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlé. Iná ń lọ, iná ń bọ̀, oògùn ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìka ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo dá mọ̀. Mo pè é, "Awọnlẹ̀." Mo ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n má tíì gbé ọ."

Mo jáde. Irin wà lórí bẹ́ǹṣì níta, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún. Òun nìkan. Mo fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Bàbá."

"Èmi ò lè wọlé. Ẹ̀gbọ́n kì í wo òkú àbúrò." Ó ń yí fìlà náà lọ́wọ́. "Báwo ló ṣe rí?"

Mo ní, "Ó dà bí ẹni tó ń sùn."

Ó mi orí. Ó mi orí, ó tún mi orí.

Fálọ́pẹ́ sìn mí dé ẹnu géètì. Ó ní látìgbà tí òkú ti wà níbẹ̀ ni bàbá yẹn ti ń wá ní Ọjọ́rú. Ọkadà ló ń gùn wá láti Òkè-Ìlá. Á jókòó, kò ní sọ̀rọ̀, á lọ.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Kẹrin

Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, 5 oṣù Kẹrin

Fọlákẹ́mi wá láti Ìlọrin. Mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ó bínú gan-an. Ó ní, "Mọ́mì, gbogbo ohun tí ẹ jìyà lé lórí ló ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ wá fẹ́ fi lé wọn lọ́wọ́? Dádì sọ ibi tí wọ́n fẹ́ sùn sí." Mo ní, ṣé o ti rí bàbá rẹ? Ó ní rárá. Mo ní má lọ wò ó.

Ó lọ wò ó.

Ó padà dé, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, ó bá mi gúnyán. A ò sọ ọ̀rọ̀ kóòtù mọ́.

Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Kẹrin

Mo lọ Òkè-Ìlá. Èmi nìkan. Mo ti ń sọ fún ara mi lójú ọ̀nà pé mo lè padà, àwọn òkè ń sún mọ́ mi, mi ò padà.

Irin wà níwájú ilé, ó ń ṣa kókò sínú agbọ̀n. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí wọ́n gbé àga wá. Ọmọ rẹ̀ tó gbá táyà ló gbé àga wá, kò wojú mi.

Mo ní, "Bàbá, mo parọ́ fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ojú rẹ ò sọ ohun tí ẹnu rẹ sọ."

"Kò dà bí ẹni tó ń sùn."

Ó gbé agbọ̀n sílẹ̀. Ó ní òun ló pọ̀n ọ́n. Ìyá wọn ń lọ oko, òun ló máa ń pọ̀n ọ́n, òun tóun jẹ́ ọkùnrin, àwọn ẹgbẹ́ òun ń fi òun ṣẹ̀sín. Ó ní nígbà tí wọ́n wá sọ fún òun pé wọ́n fẹ́ sin ín sí ilé àna, ó dà bí ẹni pé wọ́n já ọ̀já lẹ́yìn òun.

Mo ní, "Ẹ wá gbé e."

"Kóòtù ńkọ́?"

"Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá a dúró. Èmi náà ni màá lọ sọ pé mi ò ṣe mọ́."

Ọmọ rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè sí i. Ó bi mí kí ni mo fẹ́. Mo ní kí àlùfáà wa kọ́kọ́ gbàdúrà lé e lórí, lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣe ohun tí ilé wọn ń ṣe. Ó ní kí n mú àwọn ènìyàn mi wá, ilé náà gbà wá. Mi ò dárúkọ Elijah. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

Ó fi kókò sínú ọ̀rá fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Kẹrin

Mo sọ fún Wíìgì. Kò kọ́kọ́ gbà gbọ́. Ó ní, "Mà, ẹjọ́ yìí dára. A lè borí." Mo ní mo mọ̀ pé a lè borí. Ó wo ilẹ̀ bí ọmọ kíláàsì mi àtijọ́. Ó ní òun máa kọ ìwé tí a ó fi fà á sẹ́yìn, kí lọ́yà wọn fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ó nu ojú, ó ní eruku ni.

Àìkú, 20 oṣù Kẹrin

Àjíǹde. Mo jókòó síwájú. Ṣé mo ti ta ọkọ mi? Mi ò mọ̀. Mi ò tíì mọ̀.

Ẹtì, 25 oṣù Kẹrin

A sin ín lónìí.

A kúrò ní mọ́ṣúárì lówùúrọ̀. Èmi àti Fọlákẹ́mi wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀lé e. Irin ló jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tó gbé òkú. Nígbà tí a dé oríta tó yẹ kí a yà sí ọ̀nà Òkè-Ìlá, ọkọ̀ iwájú ò yà. Ó lọ tààrà. Mo rò pé awakọ̀ ò mọ̀nà. Fọlákẹ́mi ní, "Mọ́mì, ọ̀nà ilé wa ni wọ́n ń gbà."

Ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n gbé e sí. Àwọn ọmọ Irin gbé pósí lọ síbi tí Elijah wà, wọ́n gbé e ka orí àga méjì. Àwọn àgbà ilé wọn kan ń kùn pé kí lèyí, ta ló gbé bàbá lọ bá ọmọ rí. Irin ò dá wọn lóhùn. Ó ṣí fìlà. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú oórì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹni tó wà nínú yàrá kejì sọ̀rọ̀.

"Elijah. Bàbá rẹ rèé. Ọ̀dọ̀ rẹ ló fẹ́ sùn sí, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ. Má bínú sí mi."

Fọlákẹ́mi di apá mi mú. Mo sunkún níbẹ̀, ẹkún tí mi ò rí sun láti ọjọ́ yìí wá.

Irin yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyàwó, kò sẹ́ni tó ń lé wa. Bí o bá ṣe tán, kí o sọ."

Oòrùn ń gòkè. Mo gbé ọwọ́ lé pósí. Ọlọ́kọ̀ ti paná ọkọ̀ rẹ̀, àwọn tó ń kùn náà ti dákẹ́. Mo dúró títí tí ẹsẹ̀ mi ò fi gbọ̀n mọ́.

Nígbà náà ni mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Òkè-Ìlá.